Àjàkálẹ̀ àrùn àti ìbò ní Ìkòròdú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó ní káàdì ìdìbò lọ́wọ́ ní Ìkòròdú, Ìmọta, Ìjẹ̀dẹ́, Igbógbó, Báyékù àti àyíká wọn la kọ èyí fún, pẹ̀lú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ní ibùdó ìdìbò àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá INEC ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìbò. Kòrónà la fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí òun ló dé bá ìbò tiwa gan-an. Àmọ́ ohun tó wà níbí yóò wúlò bí àrùn mìíràn bá tún yọjú.

Ṣé òótọ́ ni pé àjàkálẹ̀ àrùn máa ń yí bí èèyàn ṣe ń dìbò padà?

Òótọ́ ni, àmọ́ àrùn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń tẹ̀ka sórí ìwé ìdìbò. Ohun tí àrùn bá sọ ọjà dà, ohun tó bá sọ owó ọkọ̀ dà, ẹni tí ìrànwọ́ kàn àti ẹni tí kò kàn, àwọn nǹkan yìí ló ń bá èèyàn dé ibùdó ìdìbò. Ìbẹ̀rù náà ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í pẹ́ tán. Ìbínú ló máa ń pẹ́. Èkó wà ní kónílé-ó-gbélé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2020, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Ìyá tó ń ta ẹja ní Sábó, tó fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún jẹ owó ọjà tán, tó ń gbọ́ lórí rédíò lójoojúmọ́ pé oúnjẹ ń bọ̀, tí oúnjẹ kò sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ní í gbàgbé bọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣí ìlú, wọ́n ní kí bọ́ọ̀sì má kó ju ìdá 60 nínú 100 èrò rẹ̀ lọ. Àga tó ṣófo, àwọn èrò tó kù ló ń san owó rẹ̀. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Mile 12, Kétu tàbí Erékùṣù lójoojúmọ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú àpò rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ìbò sẹ́nétọ̀ wa ní 2020?

Ó yẹ kí gbogbo ará Ìkòròdú mọ ìtàn yìí dáadáa, torí inú ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Agbègbè sẹ́nétọ̀ Ìlà-Oòrùn Èkó ni tiwa: Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, Kòsọ́fẹ́ àti Ṣómólú. Sẹ́nétọ̀ Bayo Osinowo, tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí Pepper, kú lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹfà 2020 nígbà tí Kòrónà ń jà ràn-ìn, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e pé àrùn náà lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀. Abala 76 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé tí àyè bá ṣí sílẹ̀ nílé aṣòfin àgbà, tí sáà sì ṣì ku ju oṣù mẹ́ta lọ, kí wọ́n dìbò dí i láàárín oṣù kan. Oṣù kan kọjá, ìbò kò wáyé. INEC mú ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Ìwọ́de EndSARS bẹ́ sílẹ̀ lóṣù yẹn kan náà, ìlú dàrú, wọ́n tún sún un. Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ni a tó dìbò, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ikú sẹ́nétọ̀ pé oṣù mẹ́fà. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wa nílé aṣòfin àgbà l'Ábújá.

Tokunbo Abiru ti APC ní ìbò 89,204. Babatunde Gbadamosi ti PDP ní 11,257. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 100,461 ni. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní agbègbè wa sì lé ní mílíọ̀nù kan. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, bíi mẹ́sàn-án ló jókòó sílé.

Ṣé ìbẹ̀rù Kòrónà ló fà á tí wọn kò fi jáde?

Ó lọ́wọ́ sí i, àmọ́ ẹ má dá Kòrónà lẹ́bi fún gbogbo rẹ̀. Ìbò àyè kan ṣoṣo ni, kò sí gómìnà, kò sí ààrẹ, irú ìbò bẹ́ẹ̀ kì í sì í fa èrò níbikíbi ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó fi tẹ̀ lé rògbòdìyàn EndSARS, ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń ta kìtì. Ìgbì Kòrónà kejì ń gbéra lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lè yọ ìpín Kòrónà kúrò nínú àwọn yòókù bí ẹni ń yọ egungun kúrò lára ẹja.

Ohun tí a lè ṣe ni ká wo ẹ̀yìn ká sì wo iwájú. Nínú ìbò ààrẹ 2019, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Kòrónà, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.57; àwọn tí wọ́n yẹ káàdì wọn wò kí wọ́n lè dìbò kò tó mílíọ̀nù 1.2. Ìdá 18 nínú 100 nìyẹn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023, nígbà tí ìbẹ̀rù àrùn ti lọ, orúkọ di mílíọ̀nù 7.06, àwọn tó jáde jẹ́ bíi mílíọ̀nù 1.35. Ìdá 19. Àìjáde wa ti pẹ́ ju Kòrónà lọ, kò sì bá Kòrónà lọ.

Ẹ tún wo ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2020, àrùn kan náà, ọdún kan náà, ìdá tó lé ní 30 nínú 100 ló jáde dìbò gómìnà. Rotimi Akeredolu tó wọlé pẹ̀lú ìbò 365,830 ti ní Kòrónà fúnra rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà. Ìjà náà gbóná, olúkúlùkù sì gbà pé ìbò òun lè yí nǹkan padà. Níbi tí èèyàn bá ti gbà bẹ́ẹ̀, yóò wọ ìbomú, yóò sì lọ.

Báwo ló ṣe rí nílẹ̀ òkèèrè? Ṣé ìbò lọ sílẹ̀ níbi gbogbo?

Rárá. Ní Kòríà ti Gúúsù, lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin 2020, ìdá 66.2 nínú 100 ló jáde, iye tí wọn kò rí irú rẹ̀ láti 1992. Ní Amẹ́ríkà, ìbò ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 2020 fa èrò ju ìbò ààrẹ èyíkéyìí tí wọ́n ti dì láti 1900 lọ, ó sì lé ní ìdá 40 nínú 100 àwọn tó dìbò tó fi ìwé ránṣẹ́ láti ilé. Ṣùgbọ́n ní Faransé, ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2020 já wálẹ̀ láti ìdá 63 tó jẹ́ ní 2014 sí ìsàlẹ̀ 45.

Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Kò jọ pé bí àrùn ṣe le tó ni, torí Kòríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà kọ́kọ́ bá lẹ́yìn Ṣáínà. Ní Faransé, ìjọba ti ilé oúnjẹ àti ilé ọtí pa lálẹ́ ọjọ́ 14, wọ́n ní ìlú kò dára, wọ́n sì ní kí aráàlú jáde wá dìbò láàárọ̀ ọjọ́ 15. Etí kan ń gbọ́ "ẹ má jáde", etí kejì ń gbọ́ "ẹ jáde". Ọ̀pọ̀ ló tẹ̀ lé èyí àkọ́kọ́. Ní Kòríà, ọjọ́ méjì wà fún àwọn tó fẹ́ dìbò ṣáájú, wọ́n ń wo ara gbogbo ẹni tó wọlé, wọ́n ń fún wọn ní ìbọ̀wọ́ ọ̀rá, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 37.5 ní àyè ìdìbò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó wà ní ìsémọ́lé sì ń wá lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ti dìbò tán. Kò sẹ́ni tí wọ́n rí i pé ó kó àrùn níbi ìbò yẹn.

Tí a bá wá sí tòsí, Làìbéríà sún ìbò sẹ́nétọ̀ láti oṣù Kẹwàá 2014 sí ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá nítorí Ebola. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jáde.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi gbóríyìn fún ìjọba níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá ń bínú lẹ́yìn oṣù díẹ̀?

Tí ewu bá dé lójijì, ojú gbogbo ìlú a máa wà lára balógun. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Jámánì, ní Ítálì, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nínú oṣù Kẹta àti ìkẹrin 2020: iye àwọn tó ní àwọn fẹ́ràn olórí wọn lọ sókè. Àwọn tí ìbò wọn bọ́ sí àsìkò yẹn, tàbí tí wọ́n ṣì ń ṣe dáadáa nígbà tí ìbò dé, jèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ Jacinda Ardern ní New Zealand gba àga 65 nínú 120 lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹwàá. Donald Trump ní Amẹ́ríkà kò jèrè púpọ̀ nínú ìfẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó sì pàdánù nínú oṣù Kọkànlá.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ èèyàn gba ti Gómìnà Babajide Sanwo-Olu lóṣù Kẹta àti ìkẹrin, nígbà tó ń bá ìlú sọ̀rọ̀ léraléra lórí tẹlifíṣọ̀n. Èrò wa ni pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi agolo tó jò bù: ó ń kán dànù láti ìṣẹ́jú tó ti wọlé. Ìlú lè fara da ìyà tí gbogbo èèyàn bá jọ ń jẹ. Ọjọ́ tí ìlú bá rí i pé ìyà náà kò dọ́gba ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Ọlọ́pàá ń lé onímọ́tò tó jáde wá oúnjẹ òòjọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ìsìnkú ńlá ẹni pàtàkì tí èrò kún bámúbámú ń lọ kiri lórí WhatsApp. Àwòrán kan bẹ́ẹ̀ ń ba ohun tí ìkéde ogún ọjọ́ gbé kalẹ̀ jẹ́.

Ṣé oúnjẹ ìrànwọ́ máa ń ra ìbò lóòótọ́?

Kì í ra á bí àwọn tó ń pín in ṣe rò. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ní ìparí oṣù Kẹta 2020, ìjọba Èkó kéde pé ilé 200,000 ni òun máa kọ́kọ́ pín oúnjẹ fún, wọ́n ka ilé kan sí ẹni mẹ́fà. Ìyẹn jẹ́ 1,200,000 èèyàn, nínú ìpínlẹ̀ tí èrò inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Kódà bí wọ́n bá pín in láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, àwọn tí kò kàn máa pọ̀ ju àwọn tó kàn lọ fíìfíì. Ẹni tí kò rí gbà kò mọ ìṣirò yìí. Ohun tó mọ̀ ni pé aládùúgbò òun rí gbà, òun kò rí, aládùúgbò yẹn sì mọ alága wọ́ọ̀dù. Ẹni tó rí gbà pẹ̀lú, ìrẹsì tó gbà kò pẹ́ tán nínú ìkòkò. Báyìí ni ẹni kan ṣe ń di olólùfẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹni mẹ́jọ sì ń di olódì fún ọdún mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni oṣù Kẹwàá 2020 dé, tí àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí sí ní Mazamaza, tí wọ́n bá àpò oúnjẹ ìrànwọ́ níbẹ̀. Àwọn gómìnà ní àwọn kò kó o pamọ́, pé ó ń dúró de pípín ni. Àlàyé náà kò wọ etí ọ̀pọ̀lọpọ̀. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣèlérí níbi ìpolongo ní àdúgbò, gbólóhùn "wọ́n kó o pamọ́" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń gbọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni èyí: ebi tí àrùn fà ń mú kí owó "dìbò kóo sebẹ̀" wálẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kò ní í tì tẹ́lẹ̀ lè gba ẹgbẹ̀rún kan nígbà tí ọjà kò bá lọ. Òfin ìdìbò kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà lè san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì. Ìrànwọ́ tòótọ́ kì í béèrè nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ìdìbò yín. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ kí ó tó gbé oúnjẹ fún yín, ẹ kọ̀ fún un.

Àwọn kan ní "àrùn olówó ni". Kí ni ìyẹn ṣe sí ìbò?

Ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ torí àwọn tí ikú wọn kọ́kọ́ lu síta jẹ́ ẹni ńlá. Abba Kyari tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì ààrẹ kú lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin 2020, àwọn olóṣèlú mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn olówó ló ń wọ ọkọ̀ òfúrufú, àwọn ló tún ń tètè rí àyẹ̀wò ṣe. Tálákà tó bá ní ibà, ibà lásán ló ń pè é. Àpapọ̀ àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé Kòrónà pa ní gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 3,155, ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú kò sì mọ ẹnì kan nínú wọn lójúkojú. Ojú tí kò rí nǹkan kì í bẹ̀rù rẹ̀ pẹ́.

Nínú ìbò, ẹni tó gbà pé irọ́ ni àrùn náà kì í bẹ̀rù láti jáde. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò gba ẹni tó sọ fún un pé òótọ́ ni gbọ́ mọ́. Tí ìjọba bá ní èsì ìbò nìyí, yóò ní "bí wọ́n ṣe ka ti Kòrónà náà nìyẹn". Èyí ló dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ìbomú kò lè wo irú àìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ sàn.

Ṣé ìjọba lè torí àrùn sún ìbò? Ṣé gómìnà lè torí rẹ̀ jókòó ju ọdún mẹ́rin lọ?

Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn wọn kò sì jọra. INEC lè sún ọjọ́ ìbò. Òfin ìdìbò fún un láṣẹ bí rògbòdìyàn bá ń bọ̀ tàbí bí àjálù tàbí pàjáwìrì kò bá jẹ́ kí ìbò ṣeé ṣe. INEC ló láṣẹ yìí. Gómìnà kò ní in, ààrẹ kò ní in.

Sáà kò ṣeé fà gùn nítorí àrùn. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 135 fún ààrẹ àti abala 180 fún gómìnà, ogun nìkan ni wọ́n dárúkọ: ogun tó kan ilẹ̀ Nàìjíríà gan-an, tí ààrẹ sì gbà pé ìbò kò ṣeé ṣe. Kódà nígbà náà, ilé aṣòfin ló máa fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹnikẹ́ni bá fi fídíò ránṣẹ́ sí yín pé àrùn ti fún gómìnà ní ọdún kan sí i, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Kí ló yí padà ní ibùdó ìdìbò nígbà àrùn?

INEC gbé ìlànà jáde nínú oṣù Karùn-ún 2020. Nígbà náà, ẹni tí kò bá wọ ìbomú kò lè dìbò. Ìlà di méjì, ọ̀kan lóde àyè ìdìbò, ọ̀kan nínú rẹ̀, mítà méjì sì ni àyè láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Wọ́n ń fi òwú tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì nu ojú ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka olùdìbò wò lẹ́yìn ìka kọ̀ọ̀kan.

Mítà méjì kò jọ nǹkan kan lórí ìwé. Ẹ wá gbé e lélẹ̀ ní àdúgbò wa. Èèyàn 50 yóò gba mítà 100, èyí tó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ibùdó wa wà níwájú ilé onílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ní ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ méjì kò lè gbà kọjá. Ìlà mítà 100 yóò ya ìkóríta, yóò bọ́ sínú oòrùn, àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì ní í rí àpótí ìbò mọ́. Nígbà tí wọn kò bá rí i, wọ́n á máa rò pé wọ́n ń yan èèyàn jẹ níwájú, wọ́n á sì ya wá síwájú, mítà méjì á di ìka méjì. Ìdí nìyẹn tí ìlà òde fi gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú ti lè rí àpótí: lábẹ́ igi, nínú ọgbà ilé ìwé, lábẹ́ àgọ́ ní ìdákejì títì. Ẹ fi ẹfun tàbí eérú sàmì sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí kò bá rí àmì kì í jìnnà sí ẹnikẹ́ni.

Àkókò ńkọ́? Aago 8:30 àárọ̀ sí 2:30 ọ̀sán jẹ́ ìṣẹ́jú 360. Bí ẹnì kan bá ń gba ìṣẹ́jú méjì nídìí ẹ̀rọ, 180 ni yóò dìbò. Ní ibùdó tí orúkọ 750 wà, tí ìdá 20 nínú 100 bá jáde, 150 ni, ó tó. Tí ìdá 40 bá jáde, 300 ni, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 lọ. Ìdí ẹ̀rọ ni ìdíwọ́ máa ń wà, kì í sábà jẹ́ ìdí àpótí. Ẹ má bẹ̀rù ṣáá: ẹni tó bá ti wà lórí ìlà nígbà tí 2:30 lù yóò dìbò.

Kí ló máa ń bàjẹ́, kí ló sì ń fà á?

Ìka tó tutù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sanitáísà gbé ìka lé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé káàdì rẹ̀ kò dára. Ẹ jẹ́ kí ó fẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, kí ó tún un gbé. Ojú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sípíríìtì nù náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Láti 2021 tí BVAS, ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò, ti rọ́pò ẹ̀rọ àtijọ́, bí ìka bá kọ̀, ojú ni yóò wò. Ẹ ní láti fa ìbomú wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ yẹn, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fà á padà.

Ínkì. Ọtí inú sanitáísà lè ba ínkì tí kò tíì gbẹ jẹ́. Sanitáísà kí wọ́n tó kan ínkì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Aṣojú ẹgbẹ́ tó bá rí i tí èèyàn ń pa ọwọ́ bí ó ti ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó kan ínkì, kí ó ké sí alábòójútó ibùdó.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí iwájú orí. Oòrùn Ìkòròdú lágogo méjìlá máa ń mú iwájú orí gbóná, ẹ̀rọ yóò sì ka 38 fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó sí ibòòji fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí wọ́n tún un wò. Lílé ẹni tí kò ṣàìsàn kúrò lórí ìlà jẹ́ gbígba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀.

Sanitáísà ayédèrú. Èyí tí ọtí inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 60 nínú 100 kò ní í ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 dára jù ú lọ, kò sì wọ́n.

Ibo gan-an ni ewu pọ̀ sí?

Ìta gbangba ni a ti ń dìbò ní Nàìjíríà, afẹ́fẹ́ sì ń gbé èémí lọ. Lójú tiwa, ibùdó ìdìbò ni ewu kéré sí jù. Ibi tó pọ̀ sí ni ibùdó àkójọ èsì lálẹ́: yàrá kan, fèrèsé títì, èèyàn ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo, wákàtí mẹ́fà, oorun, ìbomú ti wà lágbọ̀n. Àrùn inú èémí fẹ́ràn irú ibẹ̀ ju ojú ẹ̀rọ tí gbogbo wa ń nù lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ti ń yan olùdíje, àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kó alátìlẹyìn lọ síbi ìpolongo. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dín iye aṣojú kù sí ẹnì kan fún ẹgbẹ́ kan, ẹ máa pààrọ̀ ara yín.

Mo ní ibà lọ́jọ́ ìbò. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má lọ tò sórí ìlà pẹ̀lú ikọ́ àti ibà nígbà tí àrùn bá ń jà. Ó ká wa lára láti sọ bẹ́ẹ̀, torí òfin wa kò fàyè gba ìbò láti ilé, kò sì sí ibùdó fún ẹni tó wà ní ìsémọ́lé. Ẹni tí wọ́n sé mọ́lé ti pàdánù ìbò rẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ṣàtúnṣe sí i.

Ṣé wọ́n máa béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Rárá. PVC yín, àti orúkọ yín nínú ìwé àwọn olùdìbò ibùdó yẹn, nìkan ni òfin béèrè.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé kí ó jáde?

Bí dókítà rẹ̀ kò bá ní kó má jáde, ó lè jáde. INEC máa ń gba àgbàlagbà, aláboyún àti abirùn ṣáájú. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ lọ wo ìlà, kí ìyá dé nígbà tí èrò bá fúyẹ́, kí wọ́n bá ẹni tó ń tò ìlà sọ̀rọ̀, kí wọ́n má dúró lẹ́yìn èrò.

Kí ló kù nínú ohun tí Kòrónà mú wọ ètò ìbò wa?

Ó pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú ń fi orúkọ olùdíje ránṣẹ́ sí INEC lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò tún bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà 2021, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù kí ó tó lọ sí ọ́fíìsì lọ tẹ̀ka. Ojúlé IReV, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wo àwòrán ìwé èsì ibùdó rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹjọ 2020 nínú ìbò kékeré kan ní Nasarawa. Ní 2021, ibùdó ìdìbò ní gbogbo Nàìjíríà pọ̀ sí i láti nǹkan bí 120,000 di 176,846, ti Èkó sì di 13,325. Ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú ni wọ́n ti gbé lọ sí ibùdó tuntun láìmọ̀. Ẹ yẹ tiyín wò lórí ojúlé INEC kí ọjọ́ tó kò.

Tí àrùn bá dé nígbà tí ìbò kù díẹ̀, kí ni CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) wa lè ṣe?

Kí èèyàn méjì fi ẹsẹ̀ wọn ibùdó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n wo ibi tí ibòòji wà lágogo méjìlá, torí ibòòji aago mẹ́jọ kì í ṣe ti ọ̀sán. Fún èèyàn 150, omi ààbọ̀ lítà fún ẹnì kan jẹ́ lítà 75, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta, pẹ̀lú garawa tó ní ẹnu omi àti ọṣẹ mẹ́rin. Ẹ ní ìbomú bíi 30 lọ́wọ́ fún àwọn tó gbàgbé tiwọn. Ẹ kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, kí ẹ sì bẹ àwọn akéde Radio Lagos àti Bond FM kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá tó yéni. Ẹni tó ń bu omi kò gbọdọ̀ wọ fìlà tàbí ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ olùdíje kò gbọdọ̀ wà lára kẹ́ẹ̀gì: òfin kò gba àmì ẹgbẹ́ láàyè láàárín mítà 300 sí ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ náà.